Ìpara Oòrùn Bàbá Akunlé

Ogójì ọdún ni Bàbá Akunlé fi kun ilé onílé, kò sì sí ògiri kankan tó dójú tì í rí. Ara ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì ló dójú tì í. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ó kó wọn lọ sí etí òkun, ó gbàgbé ìpara oòrùn, èyí tí kì í jẹ́ kí oòrùn jó ara, sílé. Kí wọ́n tó padà délé, èjìká àwọn ọmọ ti ń bó bí ọ̀dà tí wọ́n fi kun ògiri tútù. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ìyá wọn ò fi bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lọ́dún yìí, ìyá náà gbé ike ìpara lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ gbọ́ o. Bí oòrùn bá jó ẹnikẹ́ni lónìí, ẹ ò ní mú àwọn ọmọ yìí lọ sí etí òkun mọ́ láéláé."

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi."

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bí wọ́n ṣe dé etí òkun, Bàbá yọ búrọ́ọ̀ṣì tuntun àti téèpù tí wọ́n fi ń bo etí fèrèsé. Ó lẹ téèpù mọ́ irun ojú àwọn ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wọ́n láti òkè wá sílẹ̀.

"Bàbá àgbà, ó ń yún mi!" ni àbúrò ké.

"Ògiri kì í sọ̀rọ̀. Ẹ má fara kan nǹkan kan o, ẹ ò tíì gbẹ!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà nítorí àríyànjiyàn, nawọ́ sókè. "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa kùn wá?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan kì í bo ògiri."

Ní wákàtí méjì-méjì, á súfèé, á pè wọ́n jáde nínú omi, á tún wọn kùn. Obìnrin kan tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun kun ọkọ òun. Bàbá wo bí ẹ̀yìn ọkùnrin náà ṣe fẹ̀ tó, ó ní ìpara òun ò ní tó.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá yẹ àwọn ọmọ wò látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Inú Bàbá dùn débi pé ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba fún un bíi kọngílá tó parí iṣẹ́.

"Bàbá! Orí yín!"

Àwọ̀n lásán ni òkè fìlà ọ̀hún, oòrùn sì ti gbabẹ̀ wọlé. Orí pípá náà ti pọ́n bíi tòmátì. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti ní kí oòrùn má jó ẹnikẹ́ni. Bàbá ti sọ etí òkun nù nìyẹn.

Lọ́yà ló bọ́ síwájú. "Màmá, ẹ̀bi wa ni. Bàbá àgbà kùn wá, àwa ò kùn wọ́n. Ẹ kọ́ wa, a máa ṣe é."

Ìyá fẹ́ fajú ro, ẹ̀rín gbà á mọ́ ọn lójú.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó tún lọ sí etí òkun, ìyá fi bàbá rẹ̀ jókòó sórí àpótí ìdáná níṣojú àwọn ọmọ, ó lẹ téèpù mọ́ etí rẹ̀ méjèèjì, ó sì kun orí náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti pẹ́ tí ọmọ Bàbá ti fọwọ́ kan orí rẹ̀ gbẹ̀yìn, ó sì dùn mọ́ ọn. Bàbá na ọwọ́ láti họ orí náà díẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o!" ni àwọn ọmọ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ ò tíì gbẹ!"