Ẹ̀yìn Ìgbòkun

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bi mí ìdí tí mo fi ń kanra. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti ń tú páálí fọ́tò ní yàrá ẹ̀yìn ilé ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun sáré lórí omi. Iṣẹ́ mi ni kí n to àwọn fọ́tò àtijọ́ náà, kí n sì ya ọkọ̀ ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ ni mò ń wá. Ojú ẹ̀gbọ́n màmá mi ni.

Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n ní nìyẹn. Ọkọ̀ kékeré ni ẹ̀gbọ́n yìí ń wà, irú èyí tó ní pátákó láàárín, tí wọ́n ń tì bọ omi kí afẹ́fẹ́ má baà gbé ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi ló gbé wọn lọ nígbà tí màmá mi wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Fọ́tò wọn kan ò sí nílé. Ní báyìí ojú ọ̀tún màmá mi ti fọ́, dókítà sì ní tòsì ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e.

"O rí wọn?" Bí Màámi ṣe ń kí mi káàbọ̀ nìyẹn lójoojúmọ́.

"Mi ò tíì rí wọn, Màámi."

"Ṣé o wò ó dáadáa ṣá? Ìwọ tó lè wá bàtà kiri ilé nígbà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ."

Wọ́n á bú mi tán, wọ́n á tún ní kí n wá jẹun.

Ẹ bá mi bú onífọ́tò tó ya àwọn fọ́tò yìí, jàre. Ìgbòkun nìkan ló fẹ́ràn. Ẹ̀gbẹ́ tí aṣọ ìgbòkun ti yọ ikùn síta ló máa ń dúró sí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì ni àwọn tó ń wa ọkọ̀ ń jókòó sí, kí ọkọ̀ má baà dojú dé, aṣọ náà á sì bò wọ́n. Nínú irínwó fọ́tò, aṣọ funfun báláú ni mò ń rí. Mo rí ìgbọ̀nwọ́ kan. Mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹnì kan. Ti ta ni?

Lánàá, akọ̀wé ẹgbẹ́ fi ẹsẹ̀ ti páálí kan sọ́dọ̀ mi. "Àwọn tó bàjẹ́ rèé, mà. Ẹ bá wa dà á nù."

Ọlọ́run ló mọ ohun tó mú mi ṣí i. Àwọn ọkọ̀ tó dojú dé ló kún ibẹ̀. Ta ló fẹ́ fi ìtìjú ẹ̀ kọ́ sára ògiri? Nínú ọ̀kan, ọkọ̀ ti dùbúlẹ̀, ìgbòkun ti rì, nǹkan kan ò bo ẹnikẹ́ni mọ́. Ọmọkùnrin kan dúró lórí pátákó àárín, ó ń fi ìwúwo ara ẹ̀ gbé ọkọ̀ dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Orúkọ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn tí Màámi máa ń dá ló wà lẹ́yìn fọ́tò náà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Nílé, Màámi gbé fọ́tò náà sún mọ́ ojú òsì títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú wọn.

"Ta lèyí?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ni. Àbí àwọn kọ́?"

"Àwọn ni. Eyín wọn rèé." Wọ́n yí fọ́tò náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. "Háà! Ọmọdé ni. Láti ọjọ́ yìí wá, inú wọn ni mò ń bí sí, pé àgbàlagbà bíi tiwọn, kí ló dé tí wọn ò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ le lọ́jọ́ náà. Wò ó, kò tíì hu irùngbọ̀n."

Wọ́n fi àtàǹpàkò nu omi ara ọmọkùnrin inú fọ́tò náà.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n wọn.