Ẹ̀jẹ̀ Pẹ́lẹ́ńgẹ́

Kí ẹ tó ní kí n má bínú, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣe. Ẹ má sì retí kí n fi "wọ́n" pọ́n ọn lé lónìí.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ńlá ni Bọ̀dá. Ọdọọdún ni iléeṣẹ́ wọn máa ń ní kí awakọ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá dáa, ó lè pàdánù iṣẹ́. Bọ̀dá sì sanra. Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun tó dé. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ń kun ilé lọ́dà, ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ni Bọ̀dá bá wá jókòó sórí ibùsùn wa láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Àbúrò, bá mi mú káàdì mi lọ síbi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tìẹ mọ́. Wọn kì í wojú níbẹ̀, apá ni wọ́n ń wò."

Mo ní kó má lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi ni," ni ọkọ mi wí, ó sì lọ.

Kò pẹ́ tí ikùn Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Kò jẹ ẹran ọlọ́ràá mọ́. Àwa ń kí i kú oríire, a ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn àyẹ̀wò náà, àyà gbá ọkọ mi mú lórí àkàbà. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ omi kó má baà gbẹ, kó tó ṣubú.

"Ọ̀rá ló lẹ̀ mọ́ inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn rẹ̀," ni dókítà wí fún mi nílé ìwòsàn. "Ọdún pípẹ́ ló ti ń lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń le, tí ọ̀nà ń há. Ibẹ̀ ló wá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ dì lé e lórí, ọ̀nà bá dí."

"Ṣùgbọ́n kò sanra!"

"Ta ló ní ẹni tó sanra nìkan ló ń ṣe? Ó lè wà nínú ẹbí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ì bá ti fi hàn wá. Ṣé ó ṣe é rí?"

Mo yíjú sí Bọ̀dá lẹ́nu ọ̀nà. "Bọ̀dá, èsì yẹn ńkọ́?"

Ó ń wo ilẹ̀. "Wọ́n ní ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n ní bí kò bá wálẹ̀, àwọn á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

"Mo rò pé bí ti Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá burú báyẹn, tèmi á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bá ń lo oògùn náà. Ojú ń tì mí láti sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá jáde, iṣẹ́ mi á bọ́."

Ojú ń tì í! Ojú tì í fún oṣù mẹ́rin, ọkọ mi sì ń gun àkàbà lójoojúmọ́. Bí kì í bá ṣe dókítà tó wà láàárín wa, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe.

Lọ́jọ́ kejì ni ọkọ mi lajú. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ tuntun lọ.

"Wọn ò tíì gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Bọ̀dá, àbí?"

Bọ̀dá bú sẹ́kún. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo na ọwọ́ sí àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo fa páálí oògùn ọkọ mi yọ. Ó ku ẹyọ méjì.