Jọ̀wọ́ Ẹsẹ̀, Jọ̀wọ́ Àyà

Ẹ bá mi wò ó: ta ló ń bì nítorí ohun tí kò tí ì kàn án lára? Àbúrò mi ni. Tiwalọlá, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù láyé. Wọ́n ti gé ọyàn rẹ̀ kan nítorí jẹjẹrẹ, dókítà sì ní ó gbọ́dọ̀ gba kímò lẹ́ẹ̀mẹfà, ìyẹn oògùn olómi tí wọ́n máa ń fà sí iṣan ọwọ́. Ó gba mẹ́ta. Lẹ́yìn ìkẹta, èébì ò dúró de oògùn mọ́. Ká kàn rí géètì ọsibítù báyìí, àbúrò mi ti ń bì. Nígbà tó yá, géètì gan-an wá jìnnà jù. Lọ́jọ́ tó yẹ kó gba ìkẹrin, obìnrin kan fi sípíríìtì pa ọwọ́ nínú kẹ̀kẹ́ Nápẹ̀pù tí a wọ̀ láti Sabon Tasha, òórùn rẹ̀ gba imú Tiwalọlá, ó bá bì sórí bàtà ọlọ́kẹ̀kẹ́. Ọmọkùnrin yẹn ń pariwo, "Haba, Mama!" Èmi náà ń pariwo mọ́ ọn pé ṣé òun ò ní ìyá nílé ni. A ò dé ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ilé la yí padà sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lọ mọ́," Tiwalọlá wí, ó ti kọjú sí ògiri. "Ẹ jẹ́ kó pa mí sílé."

"Ọlọ́run má gbọ́ ọ! Ẹnu ẹ ń rùn!"

Mo bú u dáadáa. Bí ẹ̀rù bá bà mí, èébú ló máa ń jáde lẹ́nu mi, bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá mi nìyẹn. Àwọn télọ̀ tí wọ́n ń ra bọ́tìnì, síìpù àti òwú lọ́wọ́ mi ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Television mọ̀ mí. Tí Ìyá Olówùú bá dákẹ́, ara rẹ̀ ló yá. Tó bá ń jà, ẹ lọ bi í pé kí ló dé.

Dókítà pè mí lórí fóònù. Ó ní tí oògùn bá fi lè kọjá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo làálàá tí a ti ṣe lè já sí asán, jẹjẹrẹ lè rọ́nà wọlé padà. Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú mi. Ní ìsọ̀, mò ń gbé òwú pupa fún ẹni tó ní dúdú lòun fẹ́. Ìyá wa ti lọ, bàbá wa ti lọ, àbúrò wa ọkùnrin ti lọ. Tí eléyìí náà bá lọ, ta ni màá máa bú?

Ọ̀gá kan wà ní wọ́ọ̀dù tí Tiwalọlá ti ń gba kímò, Nọ́ọ̀sì Jádesọ́lá. Ọmọ Ìsánlú ni, àwa náà sì ti Ẹ̀gbẹ́ wá, ìdí nìyẹn tó fi máa ń bá wa sọ Yorùbá láàrin gbogbo Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì tó kún ibẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé a ò dé, ó wá wa wá sílé lọ́sàn-án Sátidé.

"Ìyá, kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe ojo," ó sọ fún mi. "Ara wọn ti so òórùn ọsibítù mọ́ èébì ni. Bó bá ti gbóòórùn, ó ti mọ ohun tó kàn. A máa kọ́ ara náà ní nǹkan mìíràn. A máa kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa mí, àti bí ara ṣe máa rọ̀."

Mo wò ó tìfura-tìfura. "Ṣé adúrà ni?"

"Rárá, mà."

"Ṣé ẹ fẹ́ wò ó lójú títí á fi sùn, bíi tàwọn onípidán?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Kò sì ní wo jẹjẹrẹ sàn, kí n má parọ́ fún yín. Kímò ló wà fún ìyẹn. Oògùn èébì tí dókítà kọ, kí wọ́n máa lò ó lọ. Èyí kàn máa ń bá ìbẹ̀rù àti èébì wí díẹ̀ ni. Lára ẹlòmíràn ó máa ń ṣiṣẹ́ gan-an, lára ẹlòmíràn, díẹ̀díẹ̀."

Mo ní kò burú. Mo fi wọ́n sílẹ̀ ní pálọ̀, mo wọ kíṣìnì lọ ro túwó. Àmọ́ etí mi wà lẹ́yìn kọ́tìnì.

"Ẹ fa èémí sínú nímú," Jádesọ́lá ń wí. "Ẹ jẹ́ kó jáde lẹ́nu, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó pẹ́ ju bó ṣe wọlé lọ." Ìyẹn dára. Ó tún ní, "Ẹ jọ̀wọ́ ẹsẹ̀."

Mo dá ọmọrogùn dúró. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń bẹ ẹsẹ̀ ni. Kí ni ẹsẹ̀ ṣe tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́?

"Ẹ jọ̀wọ́ orúnkún. Ẹ jọ̀wọ́ ikùn, ẹ má dì í mú mọ́. Ẹ jọ̀wọ́ àyà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa lọ."

Kó máa lọ síbo? Ó wá yé mi pé kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Jọ̀wọ́ ti ẹni tó di nǹkan mú tó wá fi í sílẹ̀ ni. Ọjọ́ tí ìyá wa kú, ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà fi sọ ọ́ fún wa nìyẹn. Wọn ò sọ pé ó kú. Wọ́n ní, "Ìyá yín ti jọ̀wọ́ ẹ̀mí." Orí mi wú. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo dé pálọ̀ tèmi ti ọmọrogùn lọ́wọ́, tí túwó ń kán sílẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ti lọ, ikùn ti lọ, àyà ti lọ!" mo ké. "Kí ló kù tó máa jọ̀wọ́, tí kì í ṣe ẹ̀mí? Ẹ dìde nínú ilé mi!"

"Ìyá, ẹ gbọ́ ná..."

"Mi ò gbọ́! Ẹ dìde!"

Ó dìde. Kò bá mi jà. Ó mú báàgì rẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ó dàbọ̀, mà.

Mo yíjú sí Tiwalọlá, mo ń retí kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Omijé ló wà lójú rẹ̀.

"Ẹ wo èjìká mi, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Láti ìgbà tí wọ́n ti gé mi ni èjìká yìí ti fò mọ́ mi létí. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹ wá fi ọmọrogùn lé e padà sókè."

"Ṣé o ò gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn ní kó o ṣe ni?"

"Mo gbọ́. Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́. Ẹ̀rù ń bà yín pé màá kú, mo mọ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù yín ti pọ̀ nínú ilé yìí débi pé tèmi ò ríbi jókòó."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń nu túwó tó kán sí pálọ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo pe Jádesọ́lá, mo tọrọ àforíjì. Àwa ará Ẹ̀gbẹ́ kì í tètè bẹ̀bẹ̀, ó dùn mí dé egungun. Ó kàn rẹ́rìn-ín. "Ìyá, tí ẹrù wúwo bá wà lórí yín, tí ẹ bá sọ̀ ọ́, ṣé ẹ kú nìyẹn?" Ó ní àmọ́ òun ò ní sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí dókítà tún fún wa, òun ń lọ sílé fún ìsìnkú bàbá ọkọ òun. "Ẹ̀yin lẹ máa ṣe é fún wọn."

"Èmi? Pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń pe oníbàárà láti òdìkejì títì?"

"Ohùn yẹn náà ni. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ẹ ṣáà rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀."

Ó kọ́ mi lórí fóònù títí káàdì mi fi fẹ́ẹ̀ tán. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Tiwalọlá dá ṣe tirẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èmi jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Mọ́ńdè dé. Ó lo oògùn èébì rẹ̀. Mo dá gbogbo kẹ̀kẹ́ gbà kí ẹnikẹ́ni má baà fi nǹkan olóòórùn pa ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. A rìn dáadáa lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí géètì ṣe yọ, mo rí ọ̀fun rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò. Mo ní kí ọlọ́kẹ̀kẹ́ dúró. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi dogonyaro tó wà níbẹ̀.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀," ó ní, ó di ojú.

"Fa èémí sínú nímú. Jẹ́ kó jáde. Ó dáa." Mo dé orí ẹsẹ̀, mo yà kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo ń rí ojú ìyá mi. "Ẹsẹ̀ ẹ... dẹ ẹsẹ̀ ẹ."

Ó la ojú kan. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé okùn ewúrẹ́ lẹsẹ̀ mi ni?"

"Ó dáa, tú u sílẹ̀."

"Ta ló so ó? Ẹ sọ ọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́."

Mi ò lè sọ ọ́. Ó rí i pé mi ò lè sọ ọ́. Ara rẹ̀ gan pọnkí, ó tẹ̀ síwájú, ó bì. Omi lásán ló jáde. Máígádì yíjú kúrò lọ́dọ̀ wa. Tiwalọlá nu ẹnu rẹ̀, ó dìde, títì ló kọjú sí. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé," ó ní. "Ẹ má bínú. Ó ti tó."

Mo mọ̀ pé tí a bá fi lè wọ kẹ̀kẹ́ padà, kò ní tún dé ibí yìí mọ́ lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo di aṣọ rẹ̀ mú. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n, èmi tí mo jẹ oúnjẹ ọdún méjìlá kí wọ́n tó bí i, mo kúnlẹ̀ fún un lórí iyẹ̀pẹ̀, níwájú gbogbo ayé.

"Jọ̀wọ́," mo ní. "Tiwa, jọ̀wọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ dìde! Ẹ máa fi mí gégùn-ún ni?"

Mi ò dìde. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, òun gan-an ni mo dojú ọ̀rọ̀ kọ. "Ẹsẹ̀, jọ̀wọ́, má gbé e padà. Orúnkún, jọ̀wọ́. Ikùn, mo mọ̀ pé ìyà ti jẹ ọ́, wọ́n ti da májèlé sí ọ lára lẹ́ẹ̀mẹta, o ò jẹ̀bi. Jọ̀wọ́. Àyà..." Mo gbé ọwọ́ lé ibi tó ti di pẹrẹsẹ. "Àyà, jọ̀wọ́." Mi ò mọ èyí tí mò ń sọ mọ́, bóyá ẹ̀bẹ̀ ni, bóyá ti ẹni tó ń ju nǹkan sílẹ̀ ni. Mo ṣáà ń sọ ọ́. Ó jókòó padà. Ó ń mí. Mo fi ojú mi méjèèjì rí èjìká rẹ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀.

Ni a bá wọlé.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ wá. Ó kí wa pé sannu, Mama, ó fi òwú tó ti rẹ sínú sípíríìtì nu ọwọ́ Tiwalọlá. Òórùn yẹn! Mo fẹ́ já òwú náà gbà. Tiwalọlá di ojú, ó di ọwọ́ mi mú bí ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ, mo fi ẹnu sí i létí, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọlé. Oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Mo dé àyà, mo padà sí ẹsẹ̀, mo tún dé àyà.

Lójijì ni ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ nínú tèmi. Ó yọ̀, ó já sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnu rẹ̀ là.

Mo wo àyà rẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì nípọn, mi ò rí i kó gbéra. Yéè! Mo ti fi ẹnu ara mi pa àbúrò mi. Ó ti jọ̀wọ́ ẹ̀mí, mo ní kó jọ̀wọ́, ó ti jọ̀wọ́. Ariwo ti dé eyín mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ̀n ọ́n jí, tó sì jẹ́ pé oorun ni, yóò gbóòórùn, yóò bì, yóò fa abẹ́rẹ́ yọ, kò sì ní gbà kí wọ́n tún fi í sí i lọ́wọ́. Tí mi ò bá gbọ̀n ọ́n ńkọ́? Nọ́ọ̀sì wà lápá ibòmíràn, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo tẹ̀ síwájú, mo gbé etí mi sún mọ́ imú rẹ̀, èmi fúnra mi ò mí mọ́.

Afẹ́fẹ́ kékeré kan fẹ́ mi létí. Ó pẹ́, òmíràn fẹ́.

Mi ò kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí, ọrùn ń ro mí, mo tẹ̀ bẹ́ẹ̀, mò ń gba èémí rẹ̀ létí, oògùn ń kán lórí wa. Bí ọ̀kan bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ọkàn mi á fò. Àwọn aláìsàn tó kù ń wò mí. Kí wọ́n máa wò.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ etí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń wá nímú mi?"

Mo nà ró. Ó ń wò mí, ojú rẹ̀ kún fún oorun. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ wà. "Ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Mo wo àpò oògùn lókè. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni omi díẹ̀ kù sí. "Ó ti fẹ́ẹ̀ tán," mo ní. "Ọ̀lẹ, o sun gbogbo ẹ̀."

Mo ní mò ń bọ̀. Mo dé ìta wọ́ọ̀dù, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún. Kì í ṣe èyí tí èèyàn ń pa mọ́ sínú aṣọ. Obìnrin Hausa kan tó ń dúró de ọkọ rẹ̀ sáré wá, ó jókòó tì mí, ó fi mí mọ́ra, ó ń pè mí ní àǹtí rẹ̀. "Sannu, sannu," ó ń wí, ìyẹn pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Ó béèrè pé ta ló kú.

Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Kò gbà mí gbọ́, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó ń ṣàdúrà fún òkú. Mo tún un sọ fún un ní Hausa, "Ba wanda ya mutu." Lẹ́yìn náà mo tún ń sọ ọ́ ní Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ ọ: kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó kú.