Eku Tí Kò Gbà Kí Wọ́n Ya Òun

Ọkọ mi, Dókítà Fọláyan, fura sí mi nítorí eku. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Eku funfun ló ń sìn ní yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní àdúgbò Raji Rasaki. Ó ń kọ́ wọn láti dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú ike róbótó kan, kí ẹ̀rọ ńlá kan ní ọsibítù ní Erékùṣù Èkó lè ya àwòrán ọpọlọ wọn bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí a bá fún eku lóògùn oorun, ọpọlọ rẹ̀ náà á tòògbé. Bó bá sì lajú, tó ń jà, àwòrán á dàrú. Nílé, ó ń fi kásẹ́ẹ̀tì gbé ariwo ẹ̀rọ náà sí wọn létí, wọn kì í mira. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ọsibítù, wèrè dé.

"Kì í ṣojú lásán," ọkọ mi wí. "Ẹnì kan ń ba iṣẹ́ mi jẹ́."

Ta ló kù nílé? Èmi tí mò ń fún wọn lóúnjẹ ni, tí mo sì ti sọ rí pé òórùn wọn ti sú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn oúnjẹ eku kí n tó gbé e wọlé. Ó ń bi aládùúgbò bóyá mo dé ẹ̀yìnkùlé nígbà tí òun jáde. Inú bí mi dé góńgó.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn tí ọsibítù yọ̀ǹda fún un, ó ní kí n bá òun lọ, kí ojú òun lè wà lára mi.

"Bó bá tún bàjẹ́ lónìí, Beatrice, ilé bàbá ẹ lò ń lọ."

Ẹ mọ bí àwọn ọkùnrin wa ṣe ń múra lọ sí Erékùṣù. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó gba ayọ́ọ̀nù, ó da lọ́fínńdà sára títí dé àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tí a débẹ̀, eku dákẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí ọkọ mi ṣe gbà á báyìí, ó fò sókè.

"Kí lo fún un jẹ?" Lójú gbogbo èèyàn!

"Dádì Ìmísí, ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ dé ìgúnpá. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni eku yìí mọ̀ yín mọ́ nílé. Níbo ló ti fẹ́ mọ alálọ́fínńdà yìí?"

Ó wò mí bí ẹni wo olè, ṣùgbọ́n ó lọ. Nígbà tó padà dé, eku gbóòórùn ìka rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀. Àwòrán jáde, ó mọ́ kedere. Ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti Sọ́ńdè tẹ́ ẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tẹ́ ẹ yọjú sí wọn, tí gbogbo wọn sá lọ sí kọ̀rọ̀."

"Kí ló wá dé tó ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ ọ́, ṣé ẹ ò ní bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀, bí kì í bá ṣe èmi ni mò ń bà á jẹ́?"

Ó yára gbé ike eku, ó ní ká máa lọ. Ohun tó fẹ́ bi mí tẹ̀ lé e nìyẹn.