Agbada Mi Kò Kúrò Lórí Ààrò

Ọmọ mi Qaosarat ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun máa gbé agbada mi sínú ọkọ̀ òun, òun á sì gbé e lọ sí Ìbàdàn. Agbada tí mo fi dín dòdò tí mo fi rán òun fúnra rẹ̀ ní ilé ìwé! Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo ní, "Gbé e, kí n rí i."

Kí ẹ tó bá wa dá sí i, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Nàfísátù ni orúkọ mi. Ẹni tó bá ti gba Ìkirè kọjá lọ sí Ifẹ̀, tó sì ra dòdò létí títì, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé tèmi ló jẹ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí àwọn ará ibòmíràn máa dà nù, òun la máa ń bó. A máa pò ó mọ́ ata àti iyọ̀, a máa dín in nínú epo pupa títí tó fi máa dúdú, ká tó mọ ọ́n, ká tó wé e. Iṣẹ́ ìyá mi ni. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Ọ̀ṣúnbùkúnmi la jọ wà nínú ilé ìdáná kan náà, nítorí ìyá tirẹ̀ àti ìyá tèmi ló jọ kọ́ ọ. Ilé òrìṣà ni wọ́n ti bí i, ilé kéwú ni wọ́n ti bí mi, èéfín kò sì béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Lọ́jọ́ kan, òòyì kọ́ mi nídìí iná. Mi ò ṣubú o, òpó ni mo kàn dì mú. Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣúnbùkúnmi tí kì í lè pa ẹnu mọ́ ti pe Qaosarat lórí fóònù kí n tó jókòó. Bí ọmọ náà ṣe dé láti Ìbàdàn, ilé ìwòsàn kan ní Apòmù ló wà mí lọ tààrà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi.

Dókítà tó wà níbẹ̀, Boaz lorúkọ rẹ̀, ọmọdé ni, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Nígbà tí èsì jáde, ó ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀ mi ti ga jù. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni, pé ara nílò díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti pọ̀ jù, á máa lẹ̀ mọ́ ara iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, ọ̀nà á máa há, títí ọkàn tàbí ọpọlọ á fi wá ẹ̀jẹ̀ tì lọ́jọ́ kan. Ìyẹn yé mi. Ó wá bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

"Dòdò Ìkirè ni mò ń dín."

Ó gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí nǹkan, Màmá? A ò tún ní wádìí jìnnà mọ́. Dòdò ni."

Ara mi gbóná. "Dókítà, iṣẹ́ ọwọ́ mi lẹ bi mí, ẹ ò bi mí ohun tó ń wọ ẹnu mi. Ṣé káfíńtà tó ń kan pósí, inú rẹ̀ ló ń sùn ni?"

Òótọ́ ni mo sọ. Mi ò rántí ìgbà tí mo jẹ dòdò kẹ́yìn. Ẹni tó ń gbóòórùn rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kí ló tún fẹ́ fi í ṣe? Ṣùgbọ́n Qaosarat ti gba ọ̀rọ̀ dókítà gbọ́. Bí a ṣe ń bọ̀ nínú ọkọ̀, ó ní, "Màámi, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ fi iná yẹn sílẹ̀, kí ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa."

"Kí n wá máa ṣe kí ni?"

"Kí ẹ máa sinmi."

Mo mọ irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbé mi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ti géètì, màá sì máa dúró de ìgbà tí ẹnì kan máa dé láti ibi iṣẹ́ kó wá kí mi. Èmi tí gbogbo awakọ̀ ojú ọ̀nà yìí mọ ohùn mi! Mo ní, "Fún mi ní oṣù mẹ́ta. Tí ọ̀rá yẹn kò bá lọ sílẹ̀, wá gbé agbada, màá tẹ̀ lé ọ. Tó bá lọ sílẹ̀, n ò gbọdọ̀ gbọ́ Ìbàdàn lẹ́nu rẹ mọ́." Ó gbà bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Fẹ́yìsetán, tó wà ní ilé ìwòsàn kan náà, ló jókòó tì mí tó bi mí ohun tí mò ń jẹ, tó sì là mí lọ́yẹ̀. Ó ní kí n fi ẹran ọlọ́ràá àti awọ tọ́kí sílẹ̀, kí n dín ohun díndín kù, kí n dín epo ọbẹ̀ kù, kí n máa jẹ ẹ̀wà, ilá, ẹ̀fọ́ àti ẹja, kí n sì máa rìn, nítorí orí àpótí ìdáná ni mo máa ń jókòó sí látàárọ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe, ìbínú ni mo sì fi ṣe é. Bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, màá kọrí sí ọ̀nà Apòmù, màá rìn lọ, màá rìn bọ̀. Àwọn ọlọ́kadà á dúró tì mí: "Mama, enter make we go now!" Màá ní, "Máa lọ, ìjà ni mò ń lọ jà." Ọbẹ̀ mi wá dà bí omi ọ̀gbàrá, kò sí ojú epo lórí rẹ̀. Iléyá dé, gbogbo àdúgbò ń sun ẹran, mo fi ojú rí àgbò, mo fi ẹnu jẹ ilá. Ṣòkòtò tí mo máa ń wọ̀ sábẹ́ ìró bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí mi. Mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, a padà sí Apòmù. Ọ̀rá náà kò lọ síbì kankan. Ó kàn yẹ̀ díẹ̀ ni, bí àlejò tó sún jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí kò sì dìde.

Dókítà Boaz mi orí. "Màmá, èèyàn lè tan dókítà, kò lè tan ẹ̀jẹ̀. Ẹ ti ń jẹ nǹkan ní kọ̀rọ̀."

Ní kọ̀rọ̀! Bí olè! Mo yíjú sí ọmọ mi kó gbèjà mi, ilẹ̀ ló ń wò. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ dókítà lọ.

Bó ṣe di pé Qaosarat dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná mi nìyẹn, tó ní òun fẹ́ gbé agbada. Àdéhùn wa ni, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní, "Kí o tó fọwọ́ kàn án, ẹnì kan ti pè mí ní òpùrọ́. Sùn síbí lónìí. Pe Nọ́ọ̀sì kó wá lọ́la. Kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó tì mí látìgbà tí mo bá ti ń dáná títí mo fi máa pa á, kí ẹ máa ṣọ́ ẹnu mi. Tí ẹ bá rí ohun tí kò yẹ tó wọlé síbẹ̀, ẹ gbé agbada, kí ẹ gbé èmi náà mọ́ ọn. Wálàhí, mi ò ní janpata."

Fẹ́yìsetán wá, torí pé ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni. Mo gbé àga fún un. Mo to igi sínú ààrò, Ọ̀ṣúnbùkúnmi ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo nawọ́ sí ìṣó tí igbá kékeré tí ìyá mi fi sílẹ̀ máa ń kọ́ sí, mo bu epo nínú garawa, mo ṣe bísímílà, mo gbé e mì. Mo bu òmíràn, mo nà án sí Ọ̀ṣúnbùkúnmi. Òun náà mu tirẹ̀. Mo wá ṣáná.

Nọ́ọ̀sì ti dìde dúró. "Màmá, kí lẹ mu yẹn?"

"Epo ni."

"Ṣebí ẹ sọ fún mi pé ẹ ti dín epo kù?"

"Mo dín in kù nínú ọbẹ̀. Ta ló ń sọ ti oúnjẹ? Epo èéfín nìyí. Ká tó dáná, a máa ń mu ún. Tí a bá pa iná tán, a tún máa ń mu ún. Òun ló ń fọ èéfín kúrò láyà."

"Oògùn ni," Ọ̀ṣúnbùkúnmi nu ẹnu, ó dáhùn. "Ṣé o ò mọ̀ pé epo ní í pa oró ni? Àwọn ìyá wa ló fi lé wa lọ́wọ́."

Qaosarat la ẹnu sílẹ̀. Nínú ilé ìdáná yìí ló ṣe dàgbà, ojoojúmọ́ ló ń rí igbá yẹn, kò sì wá sí i lọ́kàn rí láti sọ ọ́ fún dókítà. Èmi náà ńkọ́? Nígbà tí Nọ́ọ̀sì bi mí ohun tí mò ń jẹ, mo ka gbogbo rẹ̀ dórí iyọ̀. Ta ló máa ń ka oògùn mọ́ oúnjẹ?

Fẹ́yìsetán gba igbá náà lọ́wọ́ mi, ó wo inú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Màmá, ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà, èéfín kì í gba ibẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń lọ, ikùn ni epo ń lọ. Wọn ò lè pàdé láéláé. Ẹ wo bí epo ṣe máa ń dì nígbà ọyẹ́. Irú ọ̀rá tó máa ń dì bẹ́ẹ̀ ló máa ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀ sókè. Díẹ̀ nínú ọbẹ̀ kò burú. Kí èèyàn máa gbé e mu láàárọ̀ lálẹ́, ìyẹn ló burú."

"Ìyá mi kì í ṣe òpùrọ́!" Mo pariwo mọ́ ọn débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì bojú wò wá.

"Mi ò pè wọ́n bẹ́ẹ̀, Màmá. Ohun tí wọ́n mọ̀ tó dáa jù ni wọ́n fún yín."

Ibẹ̀ ni Qaosarat ti béèrè, jẹ́jẹ́: "Màámi, kí ló pa Ìyá Àgbà?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní àdúgbò wa. Nídìí ààrò yìí kan náà ni ìyá mi ti di àyà mú, tó sì ṣubú. Wọ́n ní ayé ló ta á lọ́fà. Wọ́n ka ẹ̀sùn náà sí orogún rẹ̀ lọ́rùn títí obìnrin náà fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Wásinmi, ibẹ̀ ló sì kú sí. Bí ìyá mi ṣe wà nílẹ̀ tó ń mí gúlegúle, àwọn àgbà ní kí wọ́n gbé epo wá, kó lè pa oró náà. Igbá yìí ni wọ́n fi rọ ọ́ sí i lẹ́nu.

Fẹ́yìsetán ní òun kò lè sọ pé epo ló pa á, òun kò sí níbẹ̀. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹkún ti gbọ̀n mí. Mo sunkún ìyá mi, mo sunkún obìnrin tí wọ́n lé lọ sí Wásinmi, Ọ̀ṣúnbùkúnmi gbá mi mọ́ra, òun náà ń sunkún.

Bí mo ṣe gbójú sókè, Qaosarat ti di etí agbada mú.

"Fi í sílẹ̀!"

"Màámi, ẹ ní tí a bá rí ohun tó wọ ẹnu yín—"

"Agbada ló wọ ẹnu mi ni?" Mo gba igbá lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, mo kì í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Èyí ni kí o gbé lọ sí Ìbàdàn. Tún fún mi ní oṣù mẹ́ta."

Mo gbé ọmọ odó, mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Páànù ni àwọn ìyá wa fi dí ibẹ̀, kí atẹ́gùn má baà máa jẹ igi wọn. Mo fi ọmọ odó gbá a. Páànù já kúrò lára igi, ìmọ́lẹ̀ wọlé, èéfín sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ jáde sí gbangba.

"Nàfísátù, ṣé orí ẹ pé?" Ọ̀ṣúnbùkúnmi kígbe. "Atẹ́gùn á jẹ igi wa tán!"

"Kó jẹ ẹ́! Èéfín ló máa kúrò níbí, èmi kọ́."

Qaosarat fi agbada sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo rí Ọ̀ṣúnbùkúnmi tó nawọ́ sí ìṣó kó tó rántí. Ó wò mí, mo wò ó. Ó kó ọwọ́ padà, ó ṣáná.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta náà pé, tí a padà sí Apòmù, ọ̀rá náà ti lọ sílẹ̀ dáadáa. Dókítà Boaz wo èsì, ó tún un wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé tí ẹ bá ti fi iṣẹ́ dòdò yẹn sílẹ̀, ó máa lọ sílẹ̀."

Mo ṣí báàgì mi. Mo gbé dòdò tí mo dín láàárọ̀ ọjọ́ náà kalẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀, ó ṣì gbóná.

"Tiyín nìyẹn, Dókítà. Ẹ má jẹ ẹ́ púpọ̀ o. Ọ̀rá kò mọ ẹni tó ń jẹ́ dókítà."