Ẹni Tó Ṣubú Lẹ́yìn Ògiri

Aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ni ìyá alágbàfọ̀ ń lọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, aṣọ funfun báláú tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ti rẹ wọ́n sínú sítáàṣì, ó ti sá wọn, wọ́n sì ti gan bíi pátákó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ èyí tó wà lórí tábìlì ni nǹkan dún lẹ́yìn ògiri: gbì! Àga kan wọ́ nílẹ̀, ife irin kan yí gbirigbiri, gbogbo rẹ̀ wá pa lọ́lọ́.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó mọ ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ògiri. Fọ́máànù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì nílé ìlagi tó ti ń pàṣẹ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí wà lókè òkun. Òun àti rédíò rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbélé, ó sì máa ń yí i sókè bí ẹni pé adití ló yí i ká. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, rédíò kò ké.

"Àga ló ṣubú," ni ìyá alágbàfọ̀ wí fún ara rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó gbọ́ ohùn kan, ohùn tó wúwo, bíi ti ẹni tó fẹ́ pe orúkọ tí ẹnu rẹ̀ kò gbà á. "Oorun ló ń sùn." Ó lọ aṣọ náà tán, ó mú òmíràn.

Kí ẹnikẹ́ni tó bá a wí, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà láàárín wọn. Ọkọ rẹ̀ bá Fọ́máànù ṣiṣẹ́ nílé ìlagi náà. Òun ló ń ti igi sẹ́nu ayùn ńlá. Ó ti ń pariwo pé bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà ti ń ya, pé kí wọ́n pa á, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Fọ́máànù ní àwọn oníbàárà ń dúró de igi wọn, kí ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà lọ máa ta bọ́tìnnì. Bẹ́líìtì já lóòótọ́, ó ká ọkùnrin náà mọ́ ẹ̀rọ, kò sì délé ìwòsàn. Nígbà tí àwọn ọ̀gá àgbà wá ṣèwádìí, Fọ́máànù dúró níwájú wọn, ó ní ọkùnrin náà ti mutí yó kó tó débi iṣẹ́. Ọkùnrin tí kò fẹnu kan ọtí láti ọjọ́ tó ti ṣèrìbọmi! Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná inú oko. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń fi pe ọmọbìnrin rẹ̀: "Ọmọ ọ̀mùtí." Nínú ìjọ pàápàá, orí àwọn kan ń mì lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Láti ìgbà náà, ìyá alágbàfọ̀ kì í kí Fọ́máànù, Fọ́máànù náà kì í kí i. Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, ọ̀kan á gbójú sókè, èkejì á máa wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi ń lọ aṣọ lọ. Nígbà tí oòrùn kàn tàrí, ó kó gbogbo aṣọ náà lé apá, ó sì gba iwájú ilé Fọ́máànù kọjá. Búrẹ́dì tí oníbúrẹ́dì máa ń fi há ilẹ̀kùn rẹ̀ láràárọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Èèrà ti bò ó. Ó rí i. Ó kọjá.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akọrin ti ń dá orin. Orin nípa ìfẹ́ ọmọnìkejì ni wọ́n ń kọ, ohùn wọn sì dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ kọ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, èèrà orí búrẹ́dì yẹn ló ń rí. Ó já aṣọ tó kù sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó sì bọ́ sí ọ̀nà. Eré ló ń sá, àgbàlagbà obìnrin, gèlè lọ́wọ́.

Mẹkáníìkì tó wà lódìkejì títì ló bá a já ilẹ̀kùn. Fọ́máànù wà nílẹ̀ láàárín àga àti bẹ́ẹ̀dì, ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan, ó ti tọ̀ sára. Ó la ojú sílẹ̀. Ìyá alágbàfọ̀ ló ń wò.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ìyá alágbàfọ̀ lọ lọ́jọ́ orí, béèrè ìgbà tó ṣubú.

"A ò mọ̀, dókítà," ni mẹkáníìkì dáhùn. "Ìyá yìí ló rí i. Bí kì í bá ṣe tiwọn ni, ibẹ̀ ni ì bá kú sí."

Dókítà mi orí. "Àrùn ẹ̀gbà ni. Ó sì ti pẹ́ nílẹ̀. Ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni, ọwọ́ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ ì bá má bàjẹ́ tó báyìí."

Ìyá alágbàfọ̀ ń ká gèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Pásítọ̀ gun orí àga ìwàásù. Ó ní nígbà tí Kristi bá dé, kò ní bi ẹnikẹ́ni bóyá ohùn rẹ̀ dùn lórin. Ó ní ohun tí yóò bi wá ni pé, ẹni tó wà nílẹ̀ nígbà tí à ń kọjá lọ, kí la ṣe fún un? Ìyá alágbàfọ̀ rò pé wọ́n ti tú àṣírí òun. Àfi bí Pásítọ̀ ṣe nawọ́ sí i. "Ìyá wa yìí kò kọjá! Ọ̀tá rẹ̀ ni, gbogbo wa la mọ̀, síbẹ̀ kò kọjá!" Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Àwọn akọrin dìde nínú aṣọ funfun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó wá ń ṣe é bíi pé kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Kò pẹ́ tí ilé ìwòsàn fi ní kí wọ́n máa gbé Fọ́máànù lọ sílé. Ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti òkè òkun, ó ń sunkún, ó ní òun ń bọ̀ bí wọ́n bá ti gba òun láyè níbi iṣẹ́. Pásítọ̀ pe ìpàdé àwọn obìnrin: ta ni yóò máa tọ́jú bàbá yìí? Ẹ̀yìn ń dun ẹnì kan. Ọkọ ẹnì kan kò ní gbà. Ẹnì kan ní òun á máa gbààwẹ̀ fún un.

"Èmi á ṣe é," ni ìyá alágbàfọ̀ wí.

"Kò pọn dandan fún yín, Ìyá," ni Pásítọ̀ wí jẹ́jẹ́. "Ẹ ti ṣe tiyín."

"Mo ní èmi á ṣe é."

Báyìí ló bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀ kó tó da omi sí aṣọ oníbàárà, á lọ da omi gbígbóná sínú bàsíà, á yí ọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fọ ẹ̀yìn rẹ̀, á fọ abẹ́ rẹ̀, á fi pọ́dà sí ibi tí ara rẹ̀ ti fẹ́ bó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkùnrin náà tóbi, ó wúwo bí ìtì igi. Ó ń fọ̀ ọ́ bí ó ṣe ń fọ aṣọ, kínníkínní, láìwò ó lójú, eyín rẹ̀ pa pọ̀. Àánú kọ́. Ó wá àánú nínú ara rẹ̀ títí, kò rí i. Ẹ̀rù àti ìbínú ló bá níbẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, kò fara mọ́ ọn rárá.

"Màámi, ṣé ẹ ti gbàgbé ni?"

"Bí mo bá ti gbàgbé, ǹ bá máa wò ó lójú bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́."

"Kí ló wá dé? Ṣé kò sí obìnrin mìíràn nínú ìjọ ni?"

"Wọ́n pọ̀. Àdúrà ni wọ́n ń gbà."

"Àdúrà náà ò burú."

"Kò burú. Àmọ́ àdúrà kì í fọ ìdí."

Ọmọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra. "Ìdí ẹni tó ba orúkọ bàámi jẹ́," ló wí, ó sì bọ́ síta.

Nígbà tí Pásítọ̀ wá sílé Fọ́máànù, tó ní kí ìyá alágbàfọ̀ wá jẹ́rìí níwájú ìjọ, ara obìnrin náà kò gbà á mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, bàsíà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Pásítọ̀, ẹ má yìn mí mọ́. Mo gbọ́ nígbà tó ṣubú. Mo gbọ́ nígbà tó ń kérora. Áyọ́ọ̀nù ni mo ń tẹ̀. Mo tún gba iwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjá, mo gbé aṣọ yín wá fún yín."

Pásítọ̀ gba bàsíà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Ọ̀dọ́ ni, kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. "Ìyá," ló wí, "Ọlọ́run ti dárí jì yín."

"Ọlọ́run kọ́ ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Pásítọ̀ wo inú yàrá, ó wo ọkùnrin tó nà gbalaja. "Nígbà náà, òun ni kí ẹ sọ fún. Ní tèmi, kí ni kí n wá máa sọ fún ìjọ?"

"Ẹ ní kí wọ́n wá. Kí wọ́n mú ọṣẹ dání."

Ìyá alágbàfọ̀ sọ fún Fọ́máànù lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó sì wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú òsì ọkùnrin náà ti ń ṣomi láti ìgbà àìsàn, omi náà kì í dá, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹkún. "Mo gbọ́ nígbà tẹ́ ẹ ṣubú," ló wí. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró ni. Nítorí ọkọ mi. Ẹ ṣe wá níkà, Fọ́máànù, ṣùgbọ́n èyí tí mo ṣe yìí, èmi ni mo ṣe é."

Ó bu ìrẹsì sí ṣíbí, ó gbé e sẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin náà pa ẹnu dé. Ó yí ojú sí ògiri.

Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó ń jẹ́ kó wẹ òun, ara tó kú kò lè kọ ìwẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá alágbàfọ̀ délé, ó jókòó sáàárín aṣọ àìfọ̀, ó sunkún débi tí ọmọ rẹ̀ fi ju àpò rẹ̀ sílẹ̀.

"Kò ní jẹun lọ́wọ́ mi mọ́. Bí ìwọ náà ò bá lọ, ebi ni yóò pa á."

"Èmi? Ọmọ ọ̀mùtí?"

"Ìwọ náà."

Ọmọ náà fi ìbínú lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà ju ọkàn rẹ̀ lọ. Fọ́máànù la ẹnu, ó jẹ. Bí ó ṣe ń tibi iṣẹ́ dé, ibẹ̀ ló ń yà sí. Àwọn obìnrin ìjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹ̀yìn ń dùn pàápàá wá, ó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lórí ìjókòó.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà gbé ife tíì sí i lẹ́nu. Fọ́máànù kò mu ún. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń wá ọ̀rọ̀. "Kò... mu," ló wí.

"Ẹ ò mu tíì ni, bàbá?"

"Kò mu." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sókè, ó nà án sí ògiri, síhà ilé ìyá alágbàfọ̀. Ọwọ́ náà já wálẹ̀.

Ọmọ náà sáré délé, kò lè mí. "Màámi, ó ní kò mu! Bàámi ló ń wí! Ó ní wọn ò mu!"

Ìyá alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Kí lo gbé sí i lẹ́nu?"

"Tíì ni, àmọ́—"

"Tíì náà ni kò fẹ́ mu. Ahọ́n rẹ̀ ti wúwo. 'N kò mu' àti 'kò mu,' bákan náà ni lẹ́nu rẹ̀."

"Ó nawọ́ síbí, Màámi!"

Ìyá rẹ̀ wò ó pẹ́. Ohun tí ènìyàn bá ti wá kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú lè rí i níbi tí kò sí. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á láti gbà á gbọ́. Ó lọ síbẹ̀, ó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó béèrè: "Ṣé ọkọ mi ni ẹ̀ ń wí?" Ọkùnrin náà ń wò ó. Omi ń ti ojú òsì rẹ̀ yọ bó ṣe máa ń yọ. Kò tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, lọ́jọ́ náà àti lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ Fọ́máànù dé láti òkè òkun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá alágbàfọ̀ lójú gbogbo àdúgbò, ó ń pè é ní ìyá àti olùgbàlà. Obìnrin náà ní kó dìde, kó má ba ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́. Ọmọkùnrin náà ti ṣètò láti gbé bàbá rẹ̀ lọ síbi tí òun yóò ti máa rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, ìyá alágbàfọ̀ tún gbé bàsíà wọlé. Ó wẹ̀ ẹ́, ó wọ̀ ọ́ ní ṣẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ó bu omi sí ife, ó gbé e sún mọ́ ọn lẹ́nu.

Fọ́máànù wo ife, ó wo obìnrin náà. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin ìyá alágbàfọ̀ tó dúró tì wọ́n ló gba ife náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì fún un mu.

Nígbà tí ọkọ̀ ti lọ, ọmọ náà di apá ìyá rẹ̀ mú. "Èmi gbà pé bàámi ló ń wí," ló wí.

"Ìwọ gbà bẹ́ẹ̀. Èmi ò mọ̀." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. "Pásítọ̀ ní oníbúrẹ́dì kò lè dìde láti àná. Ó ní ta ni yóò lọ wò ó."

"Màámi, ẹ sinmi díẹ̀ ná."

Ó ti ń wá bàtà rẹ̀.