Àlejò Tó Kẹ́yìn Níbi Àsè Zambeta

Ọdún kan gbáko ni àwòrán Dimitri Mímọ́ fi wà lókè ibùsùn Zambeta, kò sì sí ọdún tí inú obìnrin náà dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti di opó. Ní erékùṣù wa, àwòrán mímọ́ kì í gbé inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé onílé ló ń gbé. Ẹni tó bá kàn ni yóò gbé e lọ sílé, yóò máa tan fìtílà síwájú rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Tí ọjọ́ àsè ẹni mímọ́ náà bá wá dé, òun ni yóò bọ́ gbogbo ìlú, àtẹni tó mọ̀ àtẹni tó kàn ń kọjá lọ, kó tó gbé àwòrán náà lé ẹni tó tún kàn lọ́wọ́. Èèyàn á fi orúkọ sílẹ̀, á máa retí, irun á máa funfun. Yakoumis, ọkọ Zambeta, ló fi orúkọ tiwọn sílẹ̀. Ó kú kó tó kàn wọ́n.

Òfin kan wà tí kò gba àwáwí: ẹni tó ń gbàlejò kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ẹnu lọ́jọ́ náà, àfi tí àlejò tó kẹ́yìn bá ti jẹun. Òfin yìí kò ni Zambeta lára rárá. Kó tó di pé àwòrán wọlé rẹ̀ ni kò ti lè rí ẹni tí ebi ń pa kó mójú kúrò. Ó ń bọ́ ológbò àdúgbò, ó ń bọ́ ológbò àdúgbò kejì. Lọ́jọ́ kan, ó bọ́ òṣìṣẹ́ tó wá ka mítà iná títí ọkùnrin náà fi lọ láì ka mítà.

Ìjì jà mọ́jú ọjọ́ àsè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ ṣì ń fẹ́ ṣùgbọ́n òjò ti dá. Ẹ̀wà rìbìtì ti wà nínú àwọn ìkòkò amọ̀ nínú ààrò láti alẹ́, ẹran ewúrẹ́ sì ti wà nínú wáìnì. Zambeta fọwọ́ kan àwòrán lórí ògiri, ó sọ fún Yakoumis, bí ẹni pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé òní lòní o, ó sì mú ìgbálẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétíkun láti tún ṣọ́ọ̀ṣì kékeré ibẹ̀ ṣe, níbi tí àsè yóò ti wáyé nírọ̀lẹ́. Ó ku díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ igbe ọmọdé lẹ́yìn ògiri.

Kì í ṣe ọmọ èèyàn. Ọmọ fókíà ni, ẹranko òkun onírunmú tó ń tọ́jú ọmọ nínú ihò àpáta, tó sì ń fún un lọ́mú. Ìgbì ti gbá èyí jáde kúrò nínú ihò, ó sì da á sórí òkúta wẹ́wẹ́. Ó dúdú, àmì funfun kan wà níkùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Bó ṣe rí Zambeta ló la ẹnu, ló tún ké.

Ohun tí obìnrin náà ṣe, kò sí ìyá kan ní erékùṣù wa tí kò ní ṣe é. Ó bọ́ ṣọ́ọ̀lù ọrùn rẹ̀, ó fi bo ọmọ náà. Ó tutọ́ sápá kan lẹ́ẹ̀mẹta, tú, tú, tú, kí ojú burúkú má bàa mú un. Ó yọ ìlẹ̀kẹ̀ búlúù tó wà láyà aṣọ rẹ̀, ó fi pín-ìnnì dè é mọ́ ṣọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà ló sáré lọ sí àgbàlá tó wà nítòsí, ó fún wàrà ewúrẹ́ tútù sínú abọ́, ó sì ń gbé e bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Lambis ti dúró níbẹ̀ nígbà tó dé. Apẹja ni, ọ̀rẹ́ Yakoumis láti kékeré, òun sì ni àwòrán kàn lọ́dún tó ń bọ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé o ti tún bímọ ni?" ó bi í. "Ọmọ olè lo fi ṣọ́ọ̀lù bò yẹn o. Ìyá ẹ̀ ló fa àwọ̀n mi ya lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó jẹ ẹja, ó wá fi orí ẹja sílẹ̀ fún mi bí ẹni fún mi ní ṣéńjì."

"Kúrò níbẹ̀ jàre! Ọmọ ọwọ́ mọ olè jíjà ni? Gbá abọ́ yìí mú, jẹ́ n gbé orí ẹ̀ sókè."

"Èmi? Kí n di ìyá ìkókó fún fókíà? Wọ́n á gbọ́ nílé kọfí!"

Ibi tí wọ́n ti ń bá ara wọn fà á ni Danai ti sáré dé, tó ń mí gúlegúle. Ọmọbìnrin yìí ni ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo fókíà rán wá sí erékùṣù wa láti ìgbà ẹ̀rùn, òkè ilé búrẹ́dì ló sì ń gbé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́! Ẹ sún sẹ́yìn!"

"Kí n sún sẹ́yìn kẹ̀? Ebi ń pa á, o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́, Mà. Ìyá ẹ̀ náà ń gbọ́. Ẹ wo ọ̀hún."

Lẹ́yìn àwọn àpáta, orí dúdú kan yọ lójú omi, ó wò wọ́n, ó sì rì.

"Kò ní gòkè wá tó bá rí èèyàn," Danai ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Tó bá dúró títí tí a ò kúrò, á rò pé kò sọ́mọ mọ́, á bá tiẹ̀ lọ. Wàrà ewúrẹ́ yẹn náà ò bá ọmọ yìí lára mu."

Zambeta wo wàrà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tì í gan-an. Láyé rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé oúnjẹ rẹ̀ lè pa èèyàn lára. Danai ká ṣọ́ọ̀lù kúrò láì fọwọ́ kan ọmọ, ó dá a padà fún un tòun ti ìlẹ̀kẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lọ sá pamọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ó ku ọ̀rọ̀ kan, Mà," Danai ní. Kò lè wo ojú rẹ̀. "Àsè ìrọ̀lẹ́ yìí. Agogo, gòjé, gbogbo ìlú létíkun… Mo bẹ̀ yín, Mà."

Ìbínú ru bo Zambeta.

"Gbọ́, ọmọ yìí. O ṣì ń wọ nápíìnì nígbà tí ọkọ mi fi orúkọ wa sílẹ̀. Mo dúró, mo dúró, mo sin ín, mo tún dúró. Ìkòkò wà nínú ààrò. Ṣé kí n lọ sọ fún Yakoumis ní ibojì pé a ò ṣe é mọ́ torí ẹja onírunmú?"

"Sọ fún ọmọ yìí!" Lambis ní. "Gbogbo ayé kún fún wọn!"

Omi dúró lójú ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n kò sá.

"Màmá, tí ẹ bá pe gbogbo irú fókíà yìí tó kù láyé síbi àsè yín lónìí, ẹ̀wà tó wà nínú ààrò yín á yó gbogbo wọn."

"Gbogbo wọn bí? Ti gbogbo ayé?"

"Ti gbogbo ayé, Mà."

"Irọ́!" Lambis fò sókè. "Nínú àwọ̀n tèmi nìkan, wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ!"

"Ọ̀kan náà ni, Bàbá. Àpá wà léjìká ẹ̀. Ọ̀kan yẹn náà ló ń wá bá yín lójoojúmọ́."

Lambis na ọrùn wo ibi tí orí dúdú náà rì sí.

Zambeta jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bá a sọ nípa ọ̀pọ̀ ọkẹ́, kò ní yé e, ṣùgbọ́n ó mọ bí ìkòkò ṣe ń yó èèyàn. Ohun tó sè fún erékùṣù kékeré kan yóò yó ìran kan látòkè délẹ̀. Àánú wọn ṣe é débi pé ìbínú rẹ̀ kò ríbi dúró sí mọ́.

"Tí ìyá ẹ̀ ò bá wá ńkọ́?"

"Ọmọ náà ò tíì lè pẹja. Ebi á pa á kú. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn wà ní Athens, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òkun ò ní wá láti ibẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ yìí."

Zambeta dìde, ó gbọn eruku ìdí rẹ̀, ó sì gba ọ̀dọ̀ àlùfáà Nikitas lọ. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ẹran ewúrẹ́, ó sì fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Àwòrán gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ rẹ bọ́ sọ́wọ́ Lambis nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, lónìí. Ìyẹn ò ṣeé yí. Ṣùgbọ́n kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí agogo dún, tàbí pé kí n máa han bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́."

"Oúnjẹ ńkọ́, Fadá?"

"Ṣé oúnjẹ nílò òkun kó tó dùn ni? Tẹ́ tábìlì sójú títì níwájú ilé rẹ. Ká jẹun kí oòrùn tó wọ̀, ká wá sọ̀ kalẹ̀ lọ gbàdúrà."

Ó rọrùn lẹ́nu. Torí pé agogo kò ní dún, Zambeta ní láti lọ láti ilé dé ilé, kó fẹnu ara rẹ̀ pe ìlú. Ẹ̀rù ń bà á. Ta ló tíì gbọ́ àsè Dimitri Mímọ́ lójú títì rí? Bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn ò wá, orúkọ Yakoumis ni yóò bàjẹ́, ọkùnrin náà kò sì sí níbẹ̀ láti gbèjà ara rẹ̀.

"Kí ló ṣe etíkun?" wọ́n ń bi í.

"Àlejò kan ti dé síbẹ̀. Kò fẹ́ ariwo."

"Ṣé mínísítà ni?"

"Ó ju mínísítà lọ. Èyí kò lè sọ ohun tó ń ṣe é."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pòṣé, ìyá àgbà kan sì ní òun kò ní jẹun lójú títì bí adìyẹ. Zambeta bẹ̀ ẹ́, ó lọ sílé kejì.

Ìgbà tó ń padà sílé ni Danai tún dá a dúró. Àwọ̀n Lambis ló wà lẹ́nu ọ̀nà tí omi gbà wọ etíkun náà. Ó ti dẹ ẹ́ sílẹ̀ kí ìjì tó dé, láti fi pẹja àsè. Bí ìyá fókíà bá gba ibẹ̀ wọlé, ó lè há.

Lambis fi àáké kọ́rí.

"Kí n ká àwọ̀n mi fún olè! Ṣé kí n tún ṣílẹ̀kùn fún un, kí n tan iná sọ́nà fún un?"

"Lambis."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tó ń bọ̀ tó o bá pè mí bẹ́ẹ̀."

"Nígbà tí aya rẹ wà ní ọsibítù, ilé ta lo ti ń jẹun?"

Lambis wo òkun, ó wo bàtà rẹ̀.

"Torí Yakoumis ni o," ó ní, ó sì ń lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. "Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé torí olè yẹn ni."

Ìlú wá. Wọ́n ráhùn, ṣùgbọ́n wọ́n wá. Tábìlì gba ojú títì láti ẹnu ọ̀nà Zambeta dé ìdí kànga, àwọn ọmọdé ń jẹun lórí àtẹ̀gùn, àwọn onígòjé sì kọjú sókè kí ohùn má bàa sọ̀ kalẹ̀ dé etíkun. Ìyá àgbà tó ní òun kì í ṣe adìyẹ gba abọ́, ó tún gba òmíràn. Zambeta ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń bù kún, ayọ̀ rẹ̀ kò sì ṣeé pa mọ́ra. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn ti abọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní kí òun náà jókòó jẹun. Ó ní ó di ẹ̀yìn àdúrà. Ó bu ẹ̀wà díẹ̀ sínú abọ́, ó fi aṣọ dì í, ó sì gbé àwòrán mọ́ àyà.

Àwọn mẹ́ta péré ló sọ̀ kalẹ̀ ní àṣálẹ́: Zambeta, Lambis àti àlùfáà. Wọ́n bọ́ bàtà kí òkúta má bàa pariwo. Danai ti lúgọ sókè àpáta. Ọmọ fókíà ṣì ń ké, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju ti òwúrọ̀ lọ, ọkàn Zambeta sì gbọgbẹ́.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà Nikitas, tí ohùn rẹ̀ máa ń gbọn fèrèsé, ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń bá ìyàwó sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn. Zambeta kò gbọ́ àdúrà. Igbe tó wà níta ló ń gbọ́. Ó gbé àwòrán lé Lambis lọ́wọ́, Lambis fẹnu kò ó. Ìgbà yẹn gan-an ni igbe náà dákẹ́.

Wọ́n wo ara wọn. Àlùfáà gbàgbé ibi tó kà dé. Zambeta rò pé ọmọ náà ti kú.

Lambis ló sún mọ́ fèrèsé kékeré, tòun ti àwòrán lábẹ́ apá. Ó wòta.

"Ó ti dé," ó ní. "Olè yẹn ti dé. Ìyàwó wa, wá wò ó. Ó ń fún un lọ́mú."

Zambeta lọ síbi fèrèsé. Ìyá náà tóbi bí ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fà gòkè, ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi ń kán lára rẹ̀, ọmọ sì ti ki orí sí ikùn rẹ̀. Ó wò wọ́n títí ó fi dá a lójú pé ọmọ náà ń gbé mì. Ó wá padà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó tú aṣọ tó fi di abọ́ náà.

"Àlejò mi tó kẹ́yìn ti jẹun," ó ní.

"Lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé èmi ni n óò máa bọ́ ẹ̀?" Lambis bi í wúyẹ́wúyẹ́.

"Ta ló ti ń bọ́ ẹ̀ látijọ́? Dákẹ́, jẹ́ kó jẹun."

Ẹ̀wà náà ti tutù. Zambeta jẹ ẹ́ tán, ó rọra ń fi síbí bù ú, kó má bàa kan abọ́.